Èrò John Locke lórí Ìmọ̀ àti Ìṣèjọba: Ohun tí ó So Méjèèjì Pọ̀

Ìfáàrà

Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wa, ibi méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń pàdé John Locke. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìpìlẹ̀ ètò ẹ̀kọ́, wọ́n á sọ fún un pé Locke ni ó ní ọkàn ọmọ tuntun dà bí bébà funfun tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣèlú, wọ́n á sọ fún un pé Locke ni ó ní kò sí ìjọba tí ó tọ́ bí àwọn tí à ń ṣàkóso kò bá fọwọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há gbólóhùn méjèèjì sórí, yóò kọ wọ́n sínú ìdánwò, ó parí. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìjà kan ṣoṣo ni Locke ń jà nínú méjèèjì, àti pé ẹni tí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò lè rí ẹni tí ó ń bá jà.

Ìgbà ayé rẹ̀

Ní 1632 ni a bí Locke ní Wrington, ní agbègbè Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí wọ́n bẹ́ orí ọba wọn, Charles Kìíní, ní 1649. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó jagun lẹ́yìn ilé aṣòfin. Ó kàwé ní Oxford, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì di oníṣègùn àti olùdámọ̀ràn fún Lord Ashley, ẹni tí ó padà di Earl of Shaftesbury. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dàrú láàárín ọba àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Shaftesbury, Locke sá lọ sí Holland ní 1683. Wọ́n lé James Kejì kúrò lórí oyè ní 1688, Locke sì padà sílé ní 1689. Kí ọdún náà tó parí, ìwé rẹ̀ ńlá méjì ti jáde. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí An Essay Concerning Human Understanding. Kò fi orúkọ sí Two Treatises of Government, ó sì di ìgbà tí ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ní 1704 kí ó tó jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé ìhágún. A kò lè dá a lẹ́bi. Ìwé tí Algernon Sidney kọ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́ ikú ní 1683, ìwé ọ̀hún kò tilẹ̀ tíì jáde.

Orísun ìmọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé ìmọ̀ kan wà tí a ti kọ sí ọkàn ènìyàn kí a tó bí i. Locke kò gbà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọmọ ọwọ́ mọ̀ pé ohun kan náà kò lè wà kí ó má sì wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọwọ́ kò sì mọ̀ ọ́n. Ìwà tí àwọn ènìyàn kan ń pè ní rere, èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ó ní ìrírí nìkan ni orísun ìmọ̀, ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà wọlé. Èkíní ni ohun tí ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara bá bá pàdé. Èkejì ni ohun tí ọkàn ń rí nígbà tí ó bá yíjú wo iṣẹ́ ara rẹ̀: bí ó ti ń rò, bí ó ti ń ṣiyèméjì, bí ó ti ń fẹ́. A lè pe èyí ní ojú inú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú inú tí Yorùbá ń sọ jìn ju ohun tí Locke ní lọ́kàn lọ.

Ó lo àpẹẹrẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò rí, kò sí àlàyé tí a lè ṣe tí yóò fi mọ adùn rẹ̀. Èso náà ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìdí nìyẹn tí àpẹẹrẹ náà fi wọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ lára. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kún ọjà, olùkọ́ yóò ní láti wá nǹkan mìíràn. Yìnyín tí ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú yóò ṣe é. Ó tún ní omi kan náà lè tutù sí ọwọ́ kan, kí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí èkejì. Abọ́ mẹ́ta péré ni a nílò láti ṣe èyí ní kíláàsì: omi gbígbóná díẹ̀, omi tútù, àti èyí tí ó wà láàárín. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ọwọ́ méjèèjì bọ àwọn méjì àkọ́kọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó wá kó wọn sínú ẹ̀kẹta.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, nínú ìwé wọn Knowledge, Belief and Witchcraft (1986), fi hàn pé Yorùbá kì í dédé lo ọ̀rọ̀ náà "mọ̀". Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn sì jẹ́rìí sí, ni à ń sọ pé a mọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a gbà, ìgbàgbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ẹ̀kọ́ inú ìwé, púpọ̀ nínú ohun tí à ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa jẹ́ ìgbàgbọ́. Locke náà sọ pé èrò ẹlòmíràn tí ń léfòó lórí ọpọlọ wa kò sọ wá di onímọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Ta ni ó ń jèrè?

Ibí yìí gan-an ni ìmọ̀ àti ìjọba ti pàdé. Nínú Essay kan náà, Locke béèrè ta ni ó ń jèrè bí a bá gbà pé àwọn òtítọ́ kan ti wà lọ́kàn wa, tí a kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ wọ́n wò. Ó dáhùn pé àwọn ọ̀gá àti olùkọ́ ni. Ẹni tí a ti kọ́ pé kí ó má béèrè ìdí, ohunkóhun tí ọ̀gá bá gbé fún un ni yóò gbé mì. Àwa tí à ń kọ́ni kò lè fojú fo ojú ìwé yẹn.

Sir Robert Filmer ni alátakò rẹ̀ nínú Two Treatises. Ìwé Filmer, Patriarcha, tí ó jáde ní 1680 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ pé Ọlọ́run fún Ádámù ní àṣẹ bàbá lórí gbogbo ènìyàn, àti pé àṣẹ yẹn ni àwọn ọba jogún. Locke ní Bíbélì pàṣẹ kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Ibo ni Filmer gbé ìyá sí? Àṣẹ òbí sì ń dópin nígbà tí ọmọ bá gbọ́n tó láti dá ronú. Ká tilẹ̀ ní Ádámù jọba, ta ni ó lè tọ́ka sí àrólé rẹ̀ lónìí?

Bí kò bá wá sí ẹni tí a bí pẹ̀lú ìmọ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ wò, tí kò sì sí ẹni tí a bí pẹ̀lú àṣẹ, ìfọwọ́sí ni ó kù. Ẹ̀mí, òmìnira àti ohun tí ènìyàn fi làágùn ara rẹ̀ kó jọ jẹ́ tirẹ̀ kí ìjọba tó dé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oníkálukú ni adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe kóra jọ, tí wọ́n fi agbára sí ìkáwọ́ ìjọba bí ẹni fi nǹkan pamọ́ sí alágbàtọ́ lọ́wọ́. Bí alágbàtọ́ bá ń kó ohun ìní wọn láìgba àṣẹ, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, agbára padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbẹ́kẹ̀ lé irú èrò yìí nígbà tí wọ́n kéde òmìnira wọn ní 1776.

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti mọ́

A kò gbọdọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí kí a fi ìyókù pamọ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́ Two Treatises bu ẹnu àtẹ́ lu ìfinisẹ́rú. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1670, Locke ní ìpín ìdókòwò nínú Royal African Company, ilé iṣẹ́ tí ń kó ẹrú láti etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀. Òun sì ni akọ̀wé àwọn tí ó ni Carolina nígbà tí wọ́n ṣe òfin 1669, èyí tí ó fún ọmọ onílẹ̀ ní àṣẹ tí kò ní òdiwọ̀n lórí ẹrú rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí iye tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú òfin náà. Ní tiwa, owó tí ó fi dókòwò tó ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé náà nìyẹn. Nínú Some Thoughts Concerning Education (1693), Locke ta ko pàṣán, ó ní kí ẹ̀kọ́ dà bí eré, ó tilẹ̀ dábàá kí a kọ álífábẹ́ẹ̀tì sára bọ́ọ̀lù tí a fi eyín erin ṣe, kí ọmọ máa yí i ṣeré títí yóò fi mọ ìwé kà. Ọmọ ọlọ́lá ni ó kọ ọ́ fún. Ní 1697, nígbà tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba lórí òwò, ó dábàá pé kí a kó ọmọ àwọn òtòṣì, láti ọmọ ọdún 3 títí dé 14, lọ sí ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ láti máa ran òwú kí wọ́n sì máa hunṣọ. Ìjọba kò gba àbá náà wọlé.