Ẹni Tó Wà Nísàlẹ̀ Odò

Ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston, tó bá lọ lo ìsinmi lábúlé, lè padà dé pẹ̀lú ìbéèrè kan: kí ló dé tí wọ́n fi ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò dúdú wọ inú odò, nígbà tó jẹ́ pé omi náà ni wọ́n fi ń fọ ìkòkò? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wa ń fún ọmọ ló ń dùn mí: "Èèwọ̀ ni." Ó parí. Bí ọmọ bá tún béèrè, a ó ní inú yóò bí ìyá odò. Lẹ́yìn náà, a ó máa ráhùn pé àwọn ọmọ ìwòyí kò ka àṣà sí. Èèpo ọsàn la fún wọn, a wá ń bínú pé wọn kò mọ adùn ọsàn.

Ẹ jẹ́ ká wo odò bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń wò ó. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn abúlé kọjá ní Ìjẹ̀ṣà, ní Èkìtì tàbí lágbègbè Òṣogbo ní ètò. Apá òkè, níbi tí omi ti mọ́ jù, ni wọ́n ti ń pọn omi mímu. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń rẹ pákí sí, nítorí omi pákí a máa kan, òórùn rẹ̀ sì ń rìn jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ fọ ìkòkò dúdú yóò bu omi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀, kí ilẹ̀ lè mu ún. Dúdú ìdí ìkòkò àti ọ̀rá ọbẹ̀ kì í dúró lójú kan. Wọn yóò bá omi lọ bá ẹni tó gbé kèrègbè dání ní abúlé kejì.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹni tó ń fọ ìkòkò kò rí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ó lè má mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì lè máa bára wọn jà lórí ààlà oko. Síbẹ̀, èèwọ̀ ní kó rántí rẹ̀. A fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ wa pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀kọ́ ni: òkè ló ní kí ọmọ máa wò, kó rántí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Èèwọ̀ odò ló kọ́ni ní ìdajì kejì, pé ká máa wo ìsàlẹ̀, ká rántí ẹni tí omi wa ń ṣàn lọ bá. Ọmọ tó mọ orísun rẹ̀ nìkan lè máa fi ìdílé yangàn. Èyí tó mọ̀ pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ ni yóò di ọmọlúàbí. Bí odò kì í ti í ṣe ti ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà rẹ̀. Bí baálẹ̀ bá ti dá ọjọ́, ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò yọ ẹni tí yóò lọ ro ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àáró lóko, tí wọ́n sì ń bẹ ọ̀wẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ mọ ilé.

Ẹnìkan yóò ní ọ̀rọ̀ òrìṣà ni gbogbo èyí, àwa sì ti di onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ odò. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí wolé-wolé tó lè jókòó sétí odò tọ̀sán-tòru, àwọn baba wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé òfin náà lé ẹni tí kì í sùn lọ́wọ́. Igbó Ọ̀ṣun tó wà létí ìlú Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í ṣọdẹ, wọn kì í gé igi. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní irú igbó bẹ́ẹ̀ rí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti pa rẹ́. Ti Òṣogbo ṣì dúró, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005.

Ẹlòmíràn yóò ní omi abúlé kan náà ló fi sòbìà bá wa jà. Òótọ́ ni, kò sì yẹ ká fi pamọ́ fún ọmọ. Ní ọdún 1988 nìkan, àwọn tí wọ́n kà pé sòbìà mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Omi adágún ló ti ń ranni, bí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá wọ ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bu omi mu. Èèwọ̀ àtijọ́ kò mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó lé sòbìà lọ: kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, oògùn tí wọ́n dà sí adágún láti pa kòkòrò, àti àwọn ará abúlé tí wọn kò jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà wọ omi ló lé e, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ìmọ̀ tuntun ni wọ́n fi kún òfin àtijọ́: má fi ẹsẹ̀ rẹ ba omi ẹlòmíràn jẹ́.

Bí a bá sì pa òfin náà tì, a ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi odò Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, débi pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun kí wọ́n má mu ún. Àwọn tó wà lókè gbàgbé àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ wà lókè òkun, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀nà ilé jìn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba kò rí omi Ọ̀ṣun bù dání, síbẹ̀ wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ àti ọ̀wọ̀ rẹ̀ dé etí odò ilẹ̀ àjèjì, àwọn ọmọ wọn sì ń pè é títí dòní. Àwa tí a wọ bàálù wá kò ní àwíjàre. Odò kò gba ẹ̀yìn ilé wa, ṣùgbọ́n omi tí a fi fọ ìkòkò ọbẹ̀ ń lọ síbìkan. Ní ọdún 2017, ní Whitechapel ní London, òkìtì ọ̀rá àti ìdọ̀tí kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130 dí kòtò ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ló da ọ̀rá tirẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó rò pé tòun pọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá tún béèrè ọ̀rọ̀ ìkòkò dúdú, ẹ má pe orúkọ èèwọ̀ kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ mú un lọ sídìí ìkòkò ọbẹ̀ àná, ẹ jẹ́ kó fi bébà nu ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò kó tó ṣí omi sí i, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó ń ṣe é fún fún un.