Kọ́ìnì fàdákà kan, iye méjì: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó rà á

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí irú fídíò yìí lórí fóònù yín. Ẹnì kan da kọ́ìnì fàdákà sórí tábìlì, wọ́n ń dún wọnranwọnran, ó ní owó ọjọ́ iwájú lòun ń tọ́jú yẹn. Ẹlòmíì á ní kọ́ìnì kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ òun níye lórí ju márùn-ún irú ìyẹn lọ. Ta ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì? Kò sí. Kọ́ìnì fàdákà ló ní iye méjì. Ẹni tí ò bá mọ èyí tó ń sanwó fún, wọ́n á lù ú ní jìbìtì.

Iye àkọ́kọ́ ni ti fàdákà inú rẹ̀. Áúǹsì kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn gíráàmù 31.1, ọjà àgbáyé ló sì ń sọ iye tó jẹ́ lójoojúmọ́. Iye kejì ni ti àwọn tó ń ṣa kọ́ìnì jọ: ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Mélòó ni wọ́n ṣe? Àwòrán wo ló wà lára rẹ̀? Àwọn kọ́ìnì kan wà tó ní méjèèjì, ìyẹn ni tọmọdé tàgbà fi ń wá wọn kiri.

Ẹ wo Eagle ti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2015 nìkan, wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ó rọrùn láti tà, àmọ́ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ẹ wá wo Libertad ti Mẹ́síkò, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe é ti wà láti 1535. Ère obìnrin abìyẹ́ ló wà lára rẹ̀, wọn ò sì kọ iye owó kankan sí i. Lọ́dún 1998, 67,000 péré ni wọ́n ṣe nínú ti áúǹsì kan. Fàdákà inú rẹ̀ ò ju ti Eagle lọ o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá a pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ò pọ̀. Bó ṣe di ọ̀wọ́n nìyẹn.

Ti Ṣáínà ni Panda. Láti 1983 ni ti fàdákà ti ń jáde, àwòrán tuntun sì ni wọ́n máa ń yà sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n tún lo àwòrán 2001 ní 2002, inú àwọn oníbàárà ò dùn rárá. Ní 2003, àwòrán tuntun ti padà. Bákan náà ni Kookaburra ti Ọsirélíà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990: ẹyẹ kan náà, àwòrán ọ̀tọ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí: láti 2016, Panda kì í ṣe áúǹsì kan mọ́, gíráàmù 30 ni. Ẹni tó bá ra mẹ́wàá, tó kà á sí áúǹsì mẹ́wàá, ti pàdánù gíráàmù 11.

Ayédèrú ńkọ́? Ó pọ̀, pàápàá ti Panda. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe fàdákà. Tí ò bá lẹ̀, ẹ má tíì yọ̀, torí bàbà náà kì í lẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì wo bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe nípọn tó. Ayédèrú tó wúwo tó ojúlówó sábà máa ń nípọn jù ú lọ.

Tó bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ má fi ọṣẹ tàbí eérú bó o kó lè dán. Fàdákà inú rẹ̀ ò ní lọ síbì kan, àmọ́ iye kejì yẹn ti lọ nìyẹn. Inú ike tó bá wá ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Iye àkọ́kọ́ náà máa ń já lulẹ̀ o. Ní January 1980, áúǹsì fàdákà kan sún mọ́ dọ́là 50. Nígbà tó fi máa di ìparí March ọdún yẹn, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 11. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, ẹ rántí pé VAT 20% wà lórí kọ́ìnì fàdákà tuntun. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sókè kówó yín tó pé padà.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye tí fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ lónìí, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n pè. Èyí tó ṣẹ́ kù ni owó ẹwà àti ọ̀wọ́n. Ẹ wá bi ara yín pé: ta ló máa san ìyẹn fún mi padà lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tà á? Tẹ́ ò bá rí ìdáhùn, fàdákà lásán ni kẹ́ ẹ sanwó fún.