Rìmóótù kámẹ́rà: Oníwáyà àbí aláìníwáyà, èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Lálẹ́, kámẹ́rà lè ní láti lajú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó. Bí ìka ayàwòrán bá mì ín díẹ̀ nígbà tó ń tẹ bọ́tìnì, àwòrán á di bàìbàì. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń lo rìmóótù.

Oníwáyà lásán kì í lo bátìrì, kò sì ní kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ kúrú: ti Canon RS-80N3 kò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 80 lọ. Ẹni tó dì í mú kò lè bá ẹbí dúró nínú fọ́tò.

Aláìníwáyà ló yanjú ìyẹn. Àmọ́ irú Canon RC-6, tó ń lo ìtànṣán infrared, kì í kọjá nǹkan bíi mítà 5, ẹ sì gbọ́dọ̀ nà án sí iwájú kámẹ́rà. Èyí tó ń lo ìgbì rédíò kò nílò kí ẹ kọjú sí kámẹ́rà, kí bátìrì rẹ̀ má ṣáà ti kú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ihò ara kámẹ́rà yín. Canon pàápàá ní ju irú kan lọ: RS-60E3 kò lè wọ ihò RS-80N3. Owó á ti lọ, rìmóótù kò sì ní ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń ya ìràwọ̀ tàbí òpópónà lálẹ́, kó ra oníwáyà. Ẹni tó fẹ́ wà nínú fọ́tò ẹbí rẹ̀, aláìníwáyà ni tirẹ̀.