Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìyà ló wà nínú "boycott"

Ẹni tó bá túmọ̀ "boycott" sí àìrajà lásán ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. "Pa á tì" sún mọ́ ọn ju "má rà á" lọ. Orúkọ ènìyàn ni "boycott" fúnra rẹ̀: Charles Boycott, aṣojú onílẹ̀ kan ní Mayo, nílẹ̀ Ireland. Lọ́dún 1880, nígbà tó fẹ́ lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, ará ìlú kẹ̀yìn sí i: alágbàfọ̀ kọ aṣọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kórè mọ́. Òótọ́ ni pé lónìí, ọjà la sábà ń kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọṣẹ kan kò wù kò tíì "boycott" rẹ̀, àfi tó bá fẹ́ kó dun ẹni tó ń ṣe ọṣẹ náà nítorí ìwà tó hù.