Kí A Tó Tú Ìjàpá Sílẹ̀ Sínú Odò



Oúnjẹ Ṣàngó ni ìjàpá. Nílẹ̀ Yorùbá, ti orí ilẹ̀ ni àwọn àgbà ń lò jù. Ní Kúbà, ìjàpá odò tí wọ́n ń pè ní jicotea ni wọ́n fi ń bọ Ṣàngó, àṣà náà sì bá àwọn olórìṣà ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ìjàpá odò kò ṣàjèjì nílé òrìṣà. Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ dá ẹ̀mí ọ̀kan sí ńkọ́? Ṣé kó lọ tú u sílẹ̀ sínú odò àdúgbò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ìpínlẹ̀ Washington. Ìjàpá odò ibẹ̀, western pond turtle, kò ju nǹkan bí 150 lọ mọ́ ní 1990. Àwọn ènìyàn ti gba ilẹ̀ àbàtà wọn, àìsàn èémí kọ lù wọ́n, kọ̀ǹkọ̀ ńlá tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn sì ń gbé ọmọ wọn mì.

Ní 1991, ọgbà ẹranko Woodland Park ní Seattle àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko igbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ abo ìjàpá kí wọ́n lè mọ ibi tó yé sí, wọ́n á sì fi àwọ̀n irin bo ẹyin náà. Bí ó bá pa, wọ́n á tọ́jú àwọn ọmọ nínú ooru jálẹ̀ ìgbà òtútù, títí wọn yóò fi tóbi ju ẹnu kọ̀ǹkọ̀ lọ. Nígbà náà ni wọ́n á tó dá wọn padà sódò. Àwọn tí wọ́n ti dá padà lé ní 2,000.

Wọn kò fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Abo ìjàpá yìí lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yé ẹyin, nítorí náà wọ́n ń padà lọ mú wọn, wọ́n ń kà wọ́n, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí àrùn kan tó ń jẹ ìkarahun wọn, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tó mú.

Ìjàpá elétí pupa tí a ń rà lọ́jà kì í ṣe ọmọ odò yẹn. Bí a bá tú u síbẹ̀, yóò bá onílé du oúnjẹ àti ibi yíyá oòrùn, ó sì lè kó àrùn ràn án. Láti 2016 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ka títú u sílẹ̀ léèwọ̀.

Ẹ̀yin olórìṣà, bí ẹ bá fẹ́ dá ẹ̀mí ìjàpá sí, ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba ẹranko tọ́jú. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe odò lóore, ẹ wá àwọn tó ń ka ìjàpá ládùúgbò yín, kí ẹ bá wọn dáwó tàbí kí ẹ bá wọn wọ àbàtà. Odò tí a tọrọ ire lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ ká gbé àrùn lọ fún un.

Àṣẹ.