Tchébé, Àwọn Agéré Atakpamé

Bí a bá ní ká ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlú, baálẹ̀, ìyálọ́jà àti olórí ọdẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ní Atakpamé, lórílẹ̀-èdè Togo, ó yẹ ká ka oníjó Tchébé, tó ń gun igi gíga jó, mọ́ wọn.

Ìlú olókè ni Atakpamé, ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé. Àwọn Ifè, tí àwọn kan ń pè ní Ana, pọ̀ níbẹ̀ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá. Lọ́dún 1764, ní agbègbè yìí ni ọmọ ogun Dahomey, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ti ṣẹ́gun àwọn Asante. Àwa tó ń ka ìtàn Ọ̀yọ́ kì í sábà tẹ̀ lé e jìnnà tó bẹ́ẹ̀ síhà ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń dùn mí.

Igi méjì ni oníjó Tchébé ń gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó mítà 4 tàbí 5, wọ́n ga ju òrùlé ilé lọ. Kò lè ti ilẹ̀ gùn ún. Orí ògiri tàbí òrùlé ló ti ń jókòó, tí wọ́n á fi aṣọ tàbí okùn di igi mọ́ ọn lójúgun, títí kò fi ní mì mọ́. Ṣòkòtò gbọọrọ á bo igi náà. Bó bá ti dìde, kò gbọdọ̀ dúró sójú kan, torí ẹsẹ̀ igi kò ní àtẹ́lẹsẹ̀. Àfi kó máa gbé e, kó máa sọ ọ́, títí yóò fi rí òrùlé mìíràn fẹ̀yìn tì. Onílù náà kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀. Bí ìlù bá wọ̀ ọ́ lára, á ká ẹsẹ̀ kan sókè, á máa fi èkejì fò, á sì yí po, tí àwọn tó wà nílẹ̀ á máa gbọ́rùn sókè tẹ̀ lé e kiri.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lórí igi kúkúrú, igi á sì máa gùn sí i bí ọkàn ọmọ ṣe ń balẹ̀. Iṣẹ́ ìlú ni mo pè é, torí ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Ẹni tó mọ igi í yàn wà níbẹ̀, ẹni tó mọ okùn í dì wà níbẹ̀, àgbà tó mọ ìgbà tó yẹ kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ohun gíga mìíràn ti wà nítòsí Atakpamé rí: ní Kamina, àwọn Jámánì gbé òpó irin tó ga tó 120 mítà kalẹ̀ fún rédíò tó ń bá ilé wọn sọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn ló wó o lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ń sún mọ́lé. Wọ́n ti kọ̀wé púpọ̀ lórí Kamina ju Tchébé lọ.

Ibi Odon-Itsu, ọdún iṣu tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kẹjọ, ni ijó náà ti bá ìlú mu jù. Iṣu ló ni ọdún yìí, ilẹ̀ ló sì ni iṣu. Àmọ́ ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan: lórí odò Mono, ní ìlà oòrùn Atakpamé, wọ́n parí dáàmù Nangbéto lọ́dún 1987, tí Togo àti Benin jọ ń pín iná rẹ̀. Omi gba ilé àti oko, ó sì lé ní 10,000 ènìyàn tó ní láti ṣí kúrò. Erinmi rí ibùgbé nínú adágún náà, inú ẹni tó fẹ́ràn ẹranko á sì dùn sí i, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n máa ń gòkè wá jẹko olóko. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tọ́jú Tchébé, tí kò béèrè ibi tí àgbẹ̀ yóò gbin iṣu sí, ìran tí àlejò ń wò nìkan ló ń tọ́jú.

Èkó náà ní agéré, oníjó orí igi, tirẹ̀. Láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni Moko Jumbie, tí òun náà ń gun igi, ti gba orí òkun dé Trinidad. Ní Namur, ní Belgium, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ igi jà. Àkọsílẹ̀ kan nípa rẹ̀ ti wà láti ọdún 1411, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún aráyé lọ́dún 2021. Nígbà tí àjọ náà kọ́kọ́ kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ló wà lórí ìwé kan ṣoṣo. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí Èkó àti Atakpamé jọ kọ fún àwọn agéré wọn. Ẹni tó bá máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń di igi mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, kó kọ orúkọ igi, ọ̀nà ìdìkùn àti ìlù wọn sílẹ̀, kó sì sanwó àkókò wọn fún wọn.