Ọkọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀: Ṣé ká tún un ṣe ni àbí ká tà á fún onírin?

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ tó wà káàkiri ẹ̀yìnkùlé ní Ìjẹ̀bú-Òde mu gan-an ni. Ẹni tó bá rìn láti Ìtòrò dé Òkè-Àje, tó sì ń yọjú wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, kò ní í pẹ́ rí Peugeot 404, Volkswagen tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjàpá, tàbí Mercedes-Benz kan tí wọ́n fi tapólì bò, tí gbogbo táyà rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀, tí adìẹ sì ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibi tó ń yé sí. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ náà ti di ará ọ̀run. Àwọn ọmọ tó bí wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ìlú òyìnbó, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ bàbá wọn ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń rò ó lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ra àlòkù irin ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọlanke wọn. Owó tí onírin máa san kò ju iye tí irin inú ọkọ̀ náà bá wọ̀n lórí ìwọ̀n lọ. Tí wọ́n bá sì ti gbé e lọ, ó lọ nìyẹn, kò sí bí ọmọ ṣe lè pè é padà.

Àwọn ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa rà

Ọdún 1960 tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà gun orí ìtẹ́ Awùjalẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 404 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Láàrin ìgbà náà sí ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 2025 tí Kábíyèsí wàjà, oríṣiríṣi ọkọ̀ ló ti wọ Ìjẹ̀bú, tó sì ti jáde. Lẹ́yìn 404 ni 504 dé ní 1968, èyí tí àwọn òyìnbó fi jẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Láti ìgbà náà ni tísà, nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba ti lè yá owó ra ọkọ̀ tí wọ́n tò pọ̀ nílé.

Ìjẹ̀bú kò kàn jẹ́ ìlú tó ń ra ọkọ̀ lásán o. Olóyè Tìmótì Adéọlá Òdútọ́lá, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1902, tó sì kú ní 1995, fi owó òwò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ rọ́bà àti táyà sílẹ̀. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, MAN, ní 1971. Nítorí náà, bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá rí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìtàn bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe fi òwò dọlọ́rọ̀ ló ń wò yẹn.

Ohun kan wà tí èèyàn lè tètè fi mọ ọjọ́ orí ọkọ̀ náà. Kí wọ́n wo ibi tí sítíárì rẹ̀ wà. Ọwọ́ òsì ojú títì ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ títí di ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n rà ṣáájú ọjọ́ náà ló ní sítíárì lápá ọ̀tún, bíi ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan gbé tiwọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí wọ́n bá wọn gbé e sí òsì, àwọn kan sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jogún irú èyí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti kìlọ̀ léraléra pé òfin kò fàyè gba ọkọ̀ onísítíárì ọ̀tún mọ́. Kó lọ béèrè lọ́dọ̀ wọn kó tó náwó sí i.

Ta ló ni ọkọ̀?

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé ṣeé pín ní yàrá-yàrá, ilẹ̀ ṣeé pín ní púlọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀, ta ni yóò gbé ẹ́ńjìnnì?

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Èkíní ni ìdí-igi, níbi tí wọ́n ti ń pín dúkìá bàbá sí iye ìyàwó tó bímọ fún un, láìka iye ọmọ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí sí. Èkejì ni orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìpín kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmọ́lé, lórí dúkìá ọkùnrin kan ní Èkó tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà tó fìdí múlẹ̀, pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ní ti àwọn Mùsùlùmí tó bá yan ìlànà ẹ̀sìn wọn, ìpín ọmọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin.

Kí ni èyí jẹ mọ́ ọkọ̀? Ó jẹ mọ́ ọn púpọ̀. Ká ní bàbá kan kú, àbúrò tó kéré jù ló fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀, òun ló gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń náwó fún ọdún méjì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá jáde pẹ̀lú ọ̀dà tuntun, tó ń dán gbinrin, ni ẹ̀gbọ́n tí kò dá kọ́bọ̀ yóò rántí pé ọkọ̀ bàbá gbogbo àwọn ni. Kò sí irọ́ nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ owó àbúrò ti wọlẹ̀.

Nítorí náà, ìpàdé ẹbí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú mẹkáníìkì. Kí àwọn ọmọ jókòó pẹ̀lú olórí ẹbí, kí wọ́n díye lé ọkọ̀ náà bó ṣe wà lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n yọ iye náà kúrò nínú ìpín ẹni tó fẹ́ mú un, tàbí kí wọ́n jùmọ̀ dáwó, kó jẹ́ ọkọ̀ ẹbí. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, ó di dandan kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí dúkìá òkú nílé ẹjọ́ gíga, nítorí ìwé yẹn ni ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ máa béèrè kí wọ́n tó yí orúkọ padà.

Ẹ má ṣe sáré tan án o

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé bí ẹbí bá ti fẹnu kò, wọ́n á ra bátìrì tuntun, wọ́n á sì ní kí ẹnìkan tan ọkọ̀ náà wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn lè ba ẹ́ńjìnnì tí ìbá ṣeé gbà là jẹ́. Epo bẹntiróò tó ti wà nínú táǹkì fún ọ̀pọ̀ ọdún ti dà bí àtè, yóò sì dí kábúrétọ̀. Pisitíìnì lè ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n fa epo àtijọ́ dànù, kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, kí wọ́n tú àwọn púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n ro ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kó rin fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá yí, ìrètí wà.

Bíréèkì ló kàn. Omi inú rẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọ̀rinrin yìí ló sì ń jẹ́ kí inú rẹ̀ dógùn-ún. Ọkọ̀ tó lè lọ àmọ́ tí kò lè dúró, pósí ni. Táyà náà ń gbó bí wọn kò tiẹ̀ lò ó. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 1519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2019. Kí ẹnikẹ́ni má fi táyà tí bàbá rà jáde lọ sí ọ̀nà Ṣágámù sí Benin.

Ìpẹtà ara ọkọ̀ lọ̀tá ńlá. Lára Ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sókè, nítorí ibẹ̀ ni bátìrì ń gbé, ásíìdì rẹ̀ sì máa ń jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ títí yóò fi lu. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà tó mọṣẹ́ yóò gé ibi tó ti jẹrà kúrò, yóò fi irin tuntun jó o. Ọ̀lẹ ni yóò fi pọ́tì dí i, tí yóò kun ọ̀dà lé e lórí. Ọdún kan kò ní í pé tí ìpẹtà yóò tún fi yọjú.

Ọ̀rọ̀ epo náà wà níbẹ̀. Epo tó ní òjé nínú ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn fún, òjé yìí ló sì ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó sí. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ti pa epo olójé tì. Bí wọ́n bá ti tú orí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n ní kí aṣiṣẹ́ irin bá wọn fi ìjókòó fáàfù tó le sí i bó bá yẹ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì náà ń dàgbà

Àwọn ohun èlò kan ṣì wà. Mexico ni wọ́n ti ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn, ní ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù keje, ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iye tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún káàkiri ayé. Ọkọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe ohun èlò rẹ̀ kò tíì tán. Lóòótọ́ ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní 2022, àmọ́ ọkọ̀ ayé òde òní ni wọ́n ń tò, kì í ṣe ti bàbá wa. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin àti Owódé Onírin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ, kí wọ́n sì mú ohun èlò àtijọ́ dání fi ṣàpẹẹrẹ.

Èyí tó ṣòro jù ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì òde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ kó tó sọ ohun tó ń ṣe é. Peugeot 404 kò ní ibi tí wọ́n máa so kọ̀ǹpútà mọ́. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, ìka ni wọ́n fi ń wọn pọ́ìntì rẹ̀. Àwọn bàbá tó mọ iṣẹ́ yìí ti darúgbó, àwọn mìíràn ti kú. Bí ẹni tó ń tún ọkọ̀ bàbá yín ṣe bá ṣì wà láyé, ẹ lọ wá a kàn, kódà bí kò bá lè gbé sípánà mọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó lórí àga, kó máa júwe fún ọmọ iṣẹ́. Bí ogún ìmọ̀ yìí bá lọ, owó kò lè rà á padà.

Kì í ṣe gbogbo àpá là ń pa rẹ́

Ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, l'Ékòó, Mercedes-Benz dúdú kan wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, ọdún 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ dí àwọn ihò náà, tí wọ́n kùn ún, ọkọ̀ ni ì bá kàn jẹ́, kì bá má sọ ìtàn kankan mọ́.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́, FIVA, sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kó sì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, kí wọ́n tó lè kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní Jámánì, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó lé ní ogójì ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ ẹ́ńjìnnì 404 tó fi ti Toyota sí i ti ní ọkọ̀ tó lè máa gbé e lọ sóde, àmọ́ kò ní ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fi ibi tí ọwọ́ bàbá ti họ sítíárì sílẹ̀. Kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà àtijọ́ àti rìsíìtì tí wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ṣeé tún ṣe. Bí irin abẹ́ rẹ̀ bá ti jẹrà tán, tàbí tó jẹ́ pé owó ilé ìwé ọmọ lèèyàn fẹ́ ná sí i, kò sí ìtìjú nínú kí wọ́n tà á fún ẹni tó mọ iyì rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń mu epo bí omi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ ni.

Ìjẹ̀bú sì mọ ọjọ́ ayẹyẹ. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin jáde gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ṣe. Ẹṣin kò wúlò fún ìrìn àjò mọ́, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kó parun, nítorí wọ́n mọ ẹni tó kọ́kọ́ gùn ún. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bàbá yín wà lábẹ́ tapólì, ẹ ṣí i wò kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín jọ ní ọdún tó ń bọ̀ tí gbogbo wọn bá wálé, kí ẹ sì pinnu kí onírin tó bá yín pinnu.